Ibi Tí Wọn Kò Ti Sọ̀rọ̀

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró ná," ni onígbàjámọ̀ wí. "Ojú ọmọ yìí ń bà mí lẹ́rù. Ṣé ojú nìyẹn àbí àwo ọbẹ̀?"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́rọ, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, tẹ bọ́tìnnì, àwòrán tó wà lára ògiri sì dúró gbagidi: ọmọbìnrin kan tí wọ́n fi ọwọ́ yà, tí ojú rẹ̀ méjèèjì tóbi ju imú àti ẹnu rẹ̀ lápapọ̀ lọ.

"Kì í ṣe ojú nìkan," ni awakọ̀ tó jókòó tì í fi kún un. "Ẹnu wọn ò bá ọ̀rọ̀ mu. Ẹnu á ti pa dé, ọ̀rọ̀ á ṣì máa jáde. Àfi bí ẹni tó gbé rédíò mì."

Ẹ̀rín tún sọ. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tíì tà ni.

Iṣẹ́ ilé iṣẹ́ kékeré yìí ni kí wọ́n gba fíìmù ilẹ̀ òkèèrè, kí wọ́n yọ ohùn àwọn tó ṣe é kúrò, kí wọ́n sì fi ohùn tiwa dípò rẹ̀. Fíìmù ìfẹ́, fíìmù orogún, fíìmù ìyá ọkọ tí kò fẹ́ rí ìyàwó ọmọ rẹ̀ sójú, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti fi èdè wa sọ, àwọn ènìyàn sì ń gbádùn rẹ̀ ju bí àwọn tó ni fíìmù ṣe lè rò lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lára ògiri lọ́jọ́ yìí ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Ánímè ni, àwòrán tí ń rìn tó sì ń sọ̀rọ̀, láti ilẹ̀ Jàpáàn. Ọ̀gá pe àwọn aládùúgbò díẹ̀ kí wọ́n wá wo apá kan nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbádùn rẹ̀, wọn yóò ṣe ìyókù. Bí wọn kò bá gbádùn rẹ̀, ó parí náà nìyẹn.

Obìnrin kan jókòó sẹ́yìn gbogbo wọn, ó ká apá mọ́ àyà. Olóhùn-iyọ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí ohùn rẹ̀. Òun ni olórí àwọn tí ń fi ohùn sí fíìmù, ó sì ti sọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ìyàwó, àwọn ayaba, àwọn arúgbó, àti ajá kan lẹ́ẹ̀kan rí. Níwájú, ní igun yàrá, ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo jókòó sí, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tí bàbá rẹ̀ sọ ní Aláwòrán láti kékeré nítorí pé kò sí ògiri tí kò ya nǹkan sí. Aláwòrán ló yí ọ̀rọ̀ ánímè náà sí èdè wa. Kò sí ilé ìwé tó ti kọ́ èdè Jàpáàn. Ánímè ló ń wò títí tó fi ń gbọ́ ọ.

"Ẹ jẹ́ kó máa lọ, ẹ jọ̀ọ́," ni Aláwòrán wí jẹ́jẹ́. "Ibi tó dára ń bọ̀."

Olóhùn-iyọ̀ gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn. Ó mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ ń wí, ó sì mọ ohun tí òun ti ṣe síbẹ̀.

Ìtàn inú ánímè náà kò ṣòro. Ọkùnrin kan ń tún aago ṣe, ó kú lójijì, ó fi ìyàwó àti ọmọbìnrin kan sílẹ̀. Ibi tó dára tí Aláwòrán ń wí ni ìgbà tí ìyá àti ọmọ ti ibi ìsìnkú dé. Bàtà bàbá ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Òjò ń rọ̀. Ìyá jókòó, ó mú ọsàn kan, ó ń bó o díẹ̀díẹ̀, ó pín in, ó na ti ọmọ sí i. Nínú ti Jàpáàn, kò sí ẹni tó la ẹnu níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òjò nìkan là ń gbọ́, àti àwọn aago ara ògiri.

Ṣáájú kí wọ́n tó gba ohùn síbẹ̀, Aláwòrán ti wá bá ìyá rẹ̀ ní yàrá ìgbohùnsílẹ̀. "Màmá, mo bẹ̀ yín," ló wí, "ẹ bá mi fi ibẹ̀ yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn ibi tó kù, ẹ ṣe wọ́n bó ṣe wù yín. Ibẹ̀ nìkan ni mo tọrọ."

"Mo ti gbọ́," ni Olóhùn-iyọ̀ dá a lóhùn.

Lóòótọ́ ló gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ìdí máìkì, tó rí obìnrin yẹn tó ń bó ọsàn láìsọ nǹkan kan, tí àlàfo tí kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ń gùn lọ gbọọrọ, ara rẹ̀ kò gbà á. Nínú iṣẹ́ tiwọn, ẹni tó mọ àlàfo dí ni ọ̀gá. Bí òṣèré bá kọ ẹ̀yìn sí wa, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, ta ni yóò mọ̀? Bó bá ń gun àtẹ̀gùn, wọ́n á jẹ́ kó máa ráhùn bó ti ń gùn ún. Ẹni tó ń lọ aṣọ tàbí tó ń fọ abọ́ nílé kò ráyè máa wo ojú òṣèré, etí ló fi ń wo fíìmù. Bí tẹlifíṣọ̀n bá dákẹ́, yóò rò pé ó ti bàjẹ́ ni, yóò sì yí i síbòmíràn. Báyìí ni Olóhùn-iyọ̀ ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kọ́ ọ níṣẹ́, báyìí náà ló ṣe ń kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ kan wà tó fi sẹ́nu ìyá ọkọ kan nígbà tí ìyẹn kọ ẹ̀yìn, títí dòní làwọn ènìyàn ṣì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn lójú pópó. Kò sí nínú ìwé ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé fún un rárá. Orí ara rẹ̀ ló ti yọ ọ́.

Nítorí náà ló ṣe dí ti ọsàn náà. Ó rò pé òun ń ran ọmọ òun lọ́wọ́ ni.

Àwòrán ara ògiri tún bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Bàtà bàbá hàn lẹ́nu ọ̀nà. Òjò ń rọ̀. Ìyá mú ọsàn. Aláwòrán fara ti àga bí ẹni tó fẹ́ sinmi.

"Ọmọ mi, ṣe ọkàn gírí," ni ohùn Olóhùn-iyọ̀ wí láti inú ẹ̀rọ, ó dùn, ó mọ́ gaara. "Má sunkún mọ́. Bàbá rẹ kò ní fẹ́ kí o máa sunkún. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Jẹun. Ẹni tó lọ ti sinmi, àwa tó kù la níṣẹ́ láti ṣe. Ṣé ò ń gbọ́ mi? Nu ojú rẹ nù. Dìde, jẹ́ kí n rí ẹ̀rín rẹ..."

Ọ̀rọ̀ náà ń lọ, ó ń lọ, títí ìyá fi bó ọsàn tán, títí ó fi pín in, títí ọmọ fi gbà á. Ẹnu ìyá inú àwòrán kò là nígbà kankan. Aláwòrán yí ọrùn padà díẹ̀díẹ̀, ó wá ìyá rẹ̀ láàárín àwọn tó jókòó, ó sì tẹjú mọ́ ọn. Kò jọ pé ó ń bínú. Ó dà bí ẹni tó ká olè mọ́lé, tó tanná sí i lójú, tó sì rí i pé ẹni òun ni.

Ìgbà yẹn gan-an ni Olóhùn-iyọ̀ tó mọ ibi tí òun ti mú ọ̀rọ̀ náà wá. Ó ti rò pé òun hùmọ̀ rẹ̀ ni, bí òun ṣe máa ń hùmọ̀ ìyókù. Kò hùmọ̀ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún Aláwòrán gan-an ni, lọ́jọ́ tí àwọn méjèèjì ti ibi ìsìnkú ọkọ rẹ̀ dé. Ó ti gbàgbé rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kò gbàgbé.

Wọ́n tanná. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ó dáa, ẹ̀yin èèyàn wa. Ó dùn àbí kò dùn? Ẹ má fi bò fún wa."

"Èmi ò ní purọ́," ni onígbàjámọ̀ wí. "Àgbàlagbà bíi tèmi, kí n jókòó kalẹ̀ máa wo àwòrán ọmọdé?"

"Kì í ṣe tọmọdé, sà," ni Aláwòrán wí. "Èèyàn kú nínú rẹ̀."

"Bó bá jẹ́ tàgbà, kí ló dé tí wọn ò fi èèyàn gidi ṣe é?"

Awakọ̀ ní ti òun, sùúrù òun ni kò gbé e. "Wọ́n á ya ẹ̀kán òjò kan, wọ́n á ní ká máa wò ó. Wọ́n á tún ya ìkejì. Òjò ń rọ̀ nílé mi, n kì í san owó kí n tó wò ó."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Obìnrin tíṣà kan wà láàárín wọn tí kò tíì sọ̀rọ̀. Ọ̀gá bi í léèrè èrò rẹ̀.

"Àwòrán rẹ̀ wù mí," ni tíṣà wí. "Ojú wọn tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó yá ó mọ́ mi lára. Ẹnu wọn ni n kò lè fara dà. Wọn ò sinmi rárá. Ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wọ́n, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń polówó. Nígbà tí ìyá yẹn mú ọsàn, ẹkún ti ń gbọ̀n mí, àfi bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lé mi lórí, ẹkún bá wọlé padà. Bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Jàpáàn nìyẹn. Mi ò mọ̀."

"Rárá, mà," ni Aláwòrán wí. "Bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wa ni."

Ó mú báàgì rẹ̀, ó sì jáde. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Olóhùn-iyọ̀ ti ń sọ ọ̀rọ̀ sí gbogbo ayé láti ọjọ́ pípẹ́, ọ̀kan wá lọ bá ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo.

Nígbà tó délé, ó bá Aláwòrán nínú yàrá, àpótí aṣọ wà ní ṣíṣí lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ń ká aṣọ síbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìkánjú. Kíká yẹn ló kọ́kọ́ ba ìyá rẹ̀ lẹ́rù, nítorí ẹni tó ń bínú kì í ká aṣọ.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ná. Tó bá di Mọ́ńdè, màá lọ síbi iṣẹ́ yẹn."

"Iṣẹ́ wo?"

"Àwọn tó ń ṣe ìwé àwọn ọmọdé, tí wọ́n ní kí n wá máa yàwòrán fún àwọn. Mo ti ní n kò wá. Mo pè wọ́n padà lónìí."

Olóhùn-iyọ̀ mọ iṣẹ́ náà. Ìlú tó jìnnà ló wà. Aláwòrán ti kọ̀ ọ́ nítorí ánímè yìí, ó ní òun àti ìyá òun yóò jọ ṣe é, ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn méjèèjì yóò jọ ṣe nǹkan kan. Ó tún kọ̀ ọ́ nítorí pé kò fẹ́ fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ ní òun nìkan.

"Nítorí kàtúùnù?" ni ìyá rẹ̀ wí.

"Ẹ má pè é ní kàtúùnù, mà."

"Ó dáa, ánímè. Nítorí ánímè lo ṣe ń kó ẹrù jáde nílé bàbá rẹ? Ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí mo fi dí àlàfo? Iṣẹ́ mi ni! Ta ló fẹ́ jókòó máa wo obìnrin tó ń bó ọsàn? O gbọ́ ohun tí awakọ̀ yẹn sọ, tí onígbàjámọ̀ sọ..."

"Mo gbọ́ ohun tí tíṣà sọ pẹ̀lú." Aláwòrán gbé aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Màmá, ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìdí tí wọ́n ṣe ya ojú wọn tóbi nìyẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n kó ọ̀rọ̀ sí. Ẹ ò wo ojú wọn rí, ẹnu wọn lẹ ń wò."

"Ẹni tó ń fi ohùn sí fíìmù, ẹnu ni yóò máa wò. Báwo ni yóò ṣe mọ ìgbà tí yóò sọ̀rọ̀?"

"Mo mọ̀, mà. Iṣẹ́ yín ni." Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. "Lọ́jọ́ tí a sin Bàbá, ẹ sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé inú yàrá. Ẹ sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Bí mo bá fẹ́ sunkún, ẹ ó ti ní kí n nu ojú. N kò sun ún, mà. Mi ò tíì sunkún bàbá mi títí dòní. Ibi ọsàn yẹn nìkan ni mo ti máa ń rí i pé ó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo ṣe ní kí ẹ fi sílẹ̀."

Bí ó bá jẹ́ pé Olóhùn-iyọ̀ dákẹ́ níbẹ̀ yẹn, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá gba ibòmíràn lọ. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kì í kún agbọ̀n, òun fúnra rẹ̀ ti fi òwe yìí sẹ́nu arúgbó kan nínú fíìmù rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á, ẹni tí ẹ̀rù bá bà a máa gbá ohun ìjà rẹ̀ mú. Ó sọ̀rọ̀. Ó ní ìyànjú ni òun ń gbà á. Ó ní ta ló gba òun níyànjú nígbà náà, ṣé kì í ṣe ọkọ òun ló kú ni? Ó ní bí òun bá dákẹ́, òun ì bá subú lulẹ̀, ta ni yóò gbé òun? Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ó tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ dé ẹnu géètì, ó ń sọ ọ́. Ó ṣì ń sọ ọ́ nígbà tí ọkọ̀ tó gbé e ti yà sí òpópónà kejì.

Lẹ́yìn náà ló wọlé. Kò sí ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ mọ́. Ó jókòó sí orí àga gígùn iwájú tẹlifíṣọ̀n, àga tí kì í jókòó sí nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé, nítorí pé àga Aláwòrán àti bàbá rẹ̀ ni.

Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ máa ń wo ánímè lórí àga yẹn. Aláwòrán a jókòó sí ọ̀tún, bàbá rẹ̀ sí òsì, wọn kò ní wí nǹkan kan. Ọkùnrin náà kò gbọ́ ẹyọ kan nínú èdè Jàpáàn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán yára ju ojú rẹ̀ lọ. Olóhùn-iyọ̀ a máa kọjá níwájú wọn, a gbá ilẹ̀ lọ, a gbá a bọ̀.

"Baálé mi, kí lẹ ń gbọ́ níbẹ̀?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan," ni ọkọ rẹ̀ a dáhùn. "Mò ń wò ó ni. Wá jókòó."

Ó jókòó lọ́jọ́ kan. Ó fẹ́ gbádùn rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò rí ibi di í mú. Ọmọdé kan ń pariwo bí ẹni tí iná jó, lẹ́yìn náà ó dákẹ́, àwòrán sì kàn ń fi ojú ọ̀run hàn. Olóhùn-iyọ̀ ní, "Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?" Ó ní, "Irun wo ló ń jẹ́ búlúù?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu wọn, ó sọ ọmọ yẹn di olùgbowó ọkọ̀, ó sọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ di ọlọ́pàá. Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Aláwòrán náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dá àwòrán náà dúró, ó sì ń dúró. Ó ń dúró kí ìyá rẹ̀ ṣe tán kó máa lọ. Ìgbà yẹn, Olóhùn-iyọ̀ rò pé òun pa wọ́n lẹ́rìn-ín ni. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, wọn kò pè é mọ́. Kò sì bi wọ́n léèrè ìdí.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ó jókòó sí apá òsì àga náà, ó ń wo tẹlifíṣọ̀n tí wọn kò tàn.

Nígbà tó padà dé ibi iṣẹ́, Ọ̀gá ti pinnu. "Màmá, a ti pa á tì," ló wí. "Àwọn èèyàn wa ò gba ti ánímè. Ojú wọn tóbi jù, ọ̀rọ̀ wọn lọ́ra jù. A óò padà sídìí fíìmù ìyá ọkọ wa, ibẹ̀ la mọ̀."

"Ọ̀gá, ojú kọ́. Èmi ni mo bà á jẹ́ fún wọn."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Ohùn yín nìkan ló dùn níbẹ̀!"

"Ohùn mi náà ni mò ń wí. Ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́ kúrò níbi ọsàn yẹn. Ibẹ̀ nìkan. Kí ẹ tún pe tíṣà yẹn wá, kó wò ó."

Ọ̀gá mi orí. "Wọ́n ti wò ó, wọn ò fẹ́ ẹ, màmá. Ẹni tó bá tọ́ nǹkan wò tó korò kì í fi ahọ́n kàn án lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín."

Ó dùn ún. Ó dùn ún débi pé kò rí nǹkan sọ, Ọ̀gá sì wò ó lójú bóyá ara rẹ̀ kò yá. Nígbà tó ń jáde, Ẹlẹ́rọ sá tọ̀ ọ́ lẹ́yìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Màmá, ti Jàpáàn gan-an ṣì wà lọ́wọ́ mi, èyí tí a ò tíì fọwọ́ kàn. Ṣé kí n fi hàn yín?"

Olóhùn-iyọ̀ ronú sí i. "O ṣeun, ọmọ mi," ló wí. "Ẹnì kan wà tó yẹ kó fi hàn mí."

Ní Sátidé, ó wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó kọjá lára ẹni tó ń ta ọsàn, ó sì dúró. Ó ti na ọwọ́ sí i kó tó fà á padà. Bí ó bá gbé ọsàn wọlé, yóò dà bí ẹni tó ń ṣe eré, ó sì ti ṣeré tó. Ọwọ́ lásán ló gbé dé ẹnu ọ̀nà.

"Ìyàwó wa, wọlé," ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ wí. Ó fi ẹnu tọ́ka sí yàrá ẹ̀yìn. "Ó wà níbẹ̀. Má bá a jà o."

"N kò bá ìjà wá, mà."

Aláwòrán jókòó sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti bẹ́ẹ̀dì, àpótí rẹ̀ wà ní títì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀, ó sì tún jókòó. Olóhùn-iyọ̀ ti to ọ̀rọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ọ̀rọ̀ tó gún régé, pẹ̀lú ibi tí ohùn yóò ti lọ sílẹ̀ àti ibi tí yóò ti gbọ̀n díẹ̀. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo fẹ́ wò ó," ló wí.

"Kí ni, mà?"

"Ibi ọsàn. Bí àwọn tó ni ín ṣe ṣe é."

Aláwòrán fa kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ra. "Ẹ ò ní gbọ́ èdè wọn. Ó sì máa ń sú yín."

"Ó máa ń sú mi lóòótọ́," ni Olóhùn-iyọ̀ wí. "Fi hàn mí."

Ó jókòó sílẹ̀ sí apá òsì ọmọ rẹ̀, orúnkún rẹ̀ dún bó ti ń rọra balẹ̀. Aláwòrán gbé kọ̀ǹpútà sí orí ẹsẹ̀ wọn. Bàtà bàbá hàn lẹ́nu ọ̀nà. Òjò ń rọ̀.

Ẹnu obìnrin náà ni Olóhùn-iyọ̀ kọ́kọ́ wò, nítorí ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ mọ ọ̀nà sí. Ẹnu náà wà ní pípadé. Ó dúró dè é, kò là. Kò sí ibi tí ojú rẹ̀ tún lè lọ, ó wá gbé e sókè. Ojú obìnrin náà wà lára ọsàn. Ó bó o tán. Ó pín in, ó sì tò ó sórí tábìlì: ti òun, ti ọmọ, àti ìkẹta. Ó pín in sí mẹ́ta bó ṣe máa ń pín in. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ìkẹta, ojú rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà níbi tí bàtà wà, ó padà wá. Ó mú ìkẹta náà, ó fi kún ti ọmọ, ó sì nà án sí i.

Àìmọye ìgbà ni Olóhùn-iyọ̀ ti rí àwòrán yìí ní yàrá ìgbohùnsílẹ̀. Kò rí ìkẹta rí. "Nu ojú rẹ nù, dìde" ló ń sọ lọ́wọ́ nígbà tí obìnrin yẹn ń gbé e. Ó rántí ilé ìdáná tirẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, bí òun ṣe bu oúnjẹ sínú abọ́ mẹ́ta, tí òun sì ń pariwo sọ̀rọ̀ bí òun ti ń dá abọ́ kan padà sínú ìkòkò, kí ọmọ òun má baà rí i. Ọmọ náà kò rí i. Kò rí i pé ìyá òun ń ṣọ̀fọ̀. Ohùn nìkan ló gbọ́.

Ohun kan mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aláwòrán ń sunkún. Kò pariwo ní ìbẹ̀rẹ̀, èjìká rẹ̀ ló ń gbọ̀n, lẹ́yìn náà ni ohùn jáde, ohùn kan tí ìyá rẹ̀ kò gbọ́ láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà ní kékeré. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Olóhùn-iyọ̀ mọ̀ sáré wá sí ẹnu rẹ̀. Ó ti tó, ọmọ mi. Ṣe ọkàn gírí. Wọ́n kó ara wọn jọ sẹ́yìn eyín rẹ̀, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn láti jáde. Ó pa ẹnu dé mọ́ wọn. Ó nira fún un ju iṣẹ́ èyíkéyìí tó ti ṣe rí lọ. Omi bọ́ lójú òun náà, ó sì jẹ́ kó máa bọ́, kò nù ún, kò yí ojú síbòmíràn. Nígbà tí Aláwòrán gbé orí, ó rí i.

Àwòrán náà ti parí, ó ti dúró fúnra rẹ̀ kí èyíkéyìí nínú wọn tó mira.

"Mo ṣì ń lọ ní Mọ́ńdè, mà," ni Aláwòrán wí.

"Mo mọ̀."

"Mi ò bínú mọ́, ṣùgbọ́n mo ń lọ."

Olóhùn-iyọ̀ mi orí. Ó dùn ún, ó sì jẹ́ kó hàn lójú rẹ̀. Láti ibi ìdáná, wọ́n gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ń gbé abọ́ kalẹ̀, tó ń gbé òmíràn. Aláwòrán na ọwọ́ láti pa kọ̀ǹpútà dé, ìyá rẹ̀ sì di ọwọ́ náà mú.

"Tún fi í hàn mí," ló wí.

Aláwòrán fà á padà sí ibi tí bàtà ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì sún mọ́ ìyá rẹ̀.